Tábìlì Akọ̀wé Kòkó

Ilé wa kò tóbi, ní Òkè-Lísà, l'Óǹdó:
yàrá kan, pálọ̀ kan, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ọ̀kadà ọkọ mi ti gbà tán.
Akíntẹ̀lú, ọmọ ọjọ́ mọ́kànlá,
ló ń wá ibi tí yóò ti máa pààrọ̀ ìlédìí.
Kò sọ̀rọ̀ o. Ó kàn la ẹnu, ó figbe ta,
gbogbo wa dìde bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé.

Orí bẹ́ẹ̀dì la kọ́kọ́ lò.
Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti là mí ní ọsibítù kò tíì jinná;
bí mo bá bẹ̀rẹ̀ pẹ́nrẹ́n,
á dà bíi pé okùn kan ń fà mí látinú wá.
Lóru ọjọ́ kan, mo ti tú pámpáàsì tán,
mo ní kí n nawọ́ mú pọ́dà,
ọmọkùnrin náà gbé ìbọn rẹ̀ sókè,
ó tọ̀ sí bàbá rẹ̀ lójú níbi tó sùn sí.
Fọlárìn ta gìrì: "Ṣé òrùlé tún ti ń jò ni?"
Ẹ̀rín pa mí. Ẹ̀rín fẹ́ já mi lójú ọgbẹ́.
Mo fọwọ́ méjèèjì di ikùn mú, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún.

Ìyá ọkọ mi ní kí ni mò ń wá kiri?
Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì,
wọ́n tẹ́ ọmọ sórí ojúgun.
"Orí ẹsẹ̀ yìí ni mo ti nu ìdí ọmọ méje.
Èwo ló wọ́ nínú wọn?"
Òótọ́ ni. Ẹsẹ̀ màmá kò wá káfíńtà.
Ṣùgbọ́n bí èmi bá jókòó sílẹ̀, ta ni yóò gbé mi dìde?
Wọ́n á sì padà sí Bágbè lọ́jọ́ Àìkú, kòkó ń pè wọ́n.

Àga pálọ̀ ńkọ́?
Alàgbà ìjọ wa ti fi agbádá funfun jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan,
lẹ́yìn tí mo lo ibẹ̀. Mi ò ní wí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wá ku tábìlì ìrókò abẹ́ fèrèsé,
èyí tí bàbá Fọlárìn fi ṣe akọ̀wé kòkó títí ọlọ́jọ́ fi dé.
Gbèsè àgbẹ̀ ni wọ́n ń kọ lórí rẹ̀,
iye àpò, owó tó kù, ẹni tí kòkó rẹ̀ kò gbẹ dáadáa.
Tàdáwà ti mu ún dúdú létí.
Mo dúró tì í. Ó ga dé ìdodo mi.
Mi ò ní bẹ̀rẹ̀, mi ò ní jókòó.
Mo pe màmá, mo fi hàn wọ́n.
Ojú wọn yí padà.
"Tábìlì Akọ̀wé? Kí wọ́n máa yàgbẹ́ lé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀?"
Wọ́n bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé.
Mi ò lè gbó wọn lẹ́nu. Mo gbé ọmọ padà sórí bẹ́ẹ̀dì,
mo bẹ̀rẹ̀, mo pa eyín dé.

Lóru ọjọ́ Ẹtì, iná lọ, ọyẹ́ ń jà.
Mo jí, mi ò bá ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.
Ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì ń ti pálọ̀ wá.
Màmá ló dúró nídìí tábìlì.
Wọ́n ti ká ìró wọn àtijọ́ ní mẹ́rin, wọ́n tẹ́ ẹ sí i,
wọ́n ń fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ nu ìdí ọmọ,
wọ́n ń bá ẹni tí mi ò rí sọ̀rọ̀:
"Ẹ wò ó, Akọ̀wé. Ṣé eléyìí gbẹ? Kò gbẹ.
Ó tó àpò kan ààbọ̀, lóru yìí nìkan.
Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí lọ́rùn."

Mo fi ìka ẹsẹ̀ rìn padà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìró náà wà níbẹ̀ síbẹ̀,
pọ́dà lọ́tùn-ún, àdí àgbọn lósì.
Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan.
Màmá kàn ní kí Fọlárìn wá pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kàn mọ́ etí rẹ̀
kí ọmọ má baà yí ṣubú.